Òkè, ìpínlẹ̀, ilé: èwo ló ju èwo lọ ní Nàìjíríà gan-an?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń to ìbéèrè ìdíje jọ fún àwọn ọmọ girama: òkè tó ga jù, ìpínlẹ̀ tó tóbi jù àti èyí tí èrò pọ̀ sí jù, ilé tó ga jù, afárá tó gùn jù. Ìwé kan ní Dimlang lòkè tó ga jù, òmíràn ní Chappal Waddi. Ní ti èrò, àwọn kan ní Kánò, àwọn kan ní Èkó. Èwo ni kí n kọ tí ọmọ tó mọ̀ ọ́n kò fi ní pàdánù máàkì?

Èsì kìn-ín-ní
Ẹ kú làálàá, tíṣà. Chappal Waddi ni kí ẹ kọ: 2,419 mítà, ní ìpínlẹ̀ Tàràbà, létí ààlà Kamẹrúùnù. Dimlang tí àwọn ìwé àtijọ́ ń pè ní Vogel Peak kò ju 2,042 mítà lọ. Ìyàtọ̀ 377 mítà kì í ṣe ohun tí a lè fojú fò. Ẹ rí i pé ẹ fi “láti ojú òkun” kún ìbéèrè náà. Ẹni tó bá dúró ní ìsàlẹ̀ òkè Ìdànrè, tó wò ó sókè, lè búra pé kò sí òkè tó tó o, nítorí ilẹ̀ tó yí i ká rẹlẹ̀. Orí ilẹ̀ tó ti ga tẹ́lẹ̀ ni àwọn òkè Jọ́ọ̀sì dúró sí ní tiwọn, ojú kì í sì í mọ gíga wọn tó bó ṣe jẹ́.

Èsì kejì
Ọ̀rọ̀ èrò ló le jù, tíṣà mi. Ìkànìyàn 2006 ni èyí tí orílẹ̀-èdè yìí ṣe kẹ́yìn: Kánò 9,401,288, Èkó 9,113,605. Ìjọba Èkó kò gbà, ó ní kíkà tòun ju mílíọ̀nù 17 lọ. Bí ẹ bá kọ “ìpínlẹ̀ wo ni èrò pọ̀ sí jù?” lásán, ìjà ló máa dá sílẹ̀. Ẹ kọ “gẹ́gẹ́ bí ìkànìyàn 2006”, Kánò nìkan ni yóò sì jẹ́ ìdáhùn. Tó bá jẹ́ ìlú lẹ ń bèèrè, Èkó ni, kò sí àríyànjiyàn. Ìjọba ìbílẹ̀ 44 ni ìpínlẹ̀ Kánò ní, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ abúlé àti oko, ṣùgbọ́n ní Èkó, ilé ti so mọ́ ilé.

Ìpínlẹ̀ Náíjà ló fẹ̀ jù, 76,363 kìlómítà níbùú lóròó. Ìwé tó bá ní Bọ̀rnó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ kí wọ́n tó yọ Yòbè lára rẹ̀ ní 1991. Èkó ló kéré jù, omi sì gba ju ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ lọ.

Èsì kẹta
Ilé NECOM ní Marina, Èkó: àjà 32, nǹkan bí 160 mítà, 1979. Òpó orí rẹ̀ wà nínú 160 yẹn, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kan pín in sí àjà 32 kó wá sọ gíga àjà kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ Ìbàdàn yóò fẹ́ kọ Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, àjà 26, tí wọ́n ṣí ní 1965. Ẹ fi “lónìí” sínú ìbéèrè.

Afárá Third Mainland jẹ́ 11.8 kìlómítà. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1990. Òun ló gùn jù ní Áfíríkà títí Íjíbítì fi parí afárá 6 Oṣù Kẹwàá ní Káírò ní 1996, nítorí náà ẹ má kọ “Áfíríkà” mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Eredo Sùngbọ́ kún un. Yàrà àti ògiri amọ̀ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká fún nǹkan bí 160 kìlómítà, ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, àwọn ọmọ kò sì gbọ́dọ̀ jáde ìwé láìmọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá fẹ́ bèèrè gíga rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí ògiri ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́, níbòmíì ó tó 20 mítà. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n láti ojú ilẹ̀ lásán yóò rí iye tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ.