Èbúté ibú, kì í ṣe ibùdókọ̀ òkun jíjìn

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Àkúrẹ́ dábàá pé kí a fi "èbúté" sílẹ̀ fún ọkọ̀ àwọn apẹja, kí a máa pe ibi tí ọkọ̀ òkun ńláńlá ń gúnlẹ̀ sí, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "deep seaport", ní "ibùdókọ̀ òkun jíjìn". Mo júbà wọn, àmọ́ n kò bá wọn lọ síbẹ̀.

Wọ́n ní Ìgbókòdá, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ni àwọn ti mọ èbúté. Òótọ́ ni. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ti Ayétòrò bọ̀ á pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fi ọ̀pá darí rẹ̀, imú ọkọ̀ á kan bèbè gbì, agbọ̀n ẹja á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Ìyẹn gún ilẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ọkọ̀ akẹ́rù òkun kò jẹ́ dán irú ẹ̀ wò: bí ìdí rẹ̀ bá kan ilẹ̀, ó há nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ ló ń fi ti èbúté, tí àwọn ọkọ̀ kéékèèké á máa tì í, tí wọ́n á máa fà á. Síbẹ̀ gbogbo wa là ń sọ pé ó "gúnlẹ̀", kò sẹ́ni tó bínú. Kí ló wá dé tí "èbúté" kò fi ní gbà á? Àwọn ọlọ́kọ̀ òkun inú Sáàmù 107 tí ìjì gbé sókè sódò, èbúté náà ni Bíbélì ní wọ́n dé.

"Jíjìn" yẹn gan-an ni ìjà mi. Ẹ sọ "òkun jíjìn" fún ìyá aláta ní Ọjà Ọba, ohun tí wọ́n á gbọ́ ni pé ó wà lọ́nà jíjìn, láàárín agbami. Bẹ́ẹ̀ èbúté Lekki ní Èkó tí wọ́n ṣí ní 2023, etíkun ló wà. Omi ọ̀nà àbáwọlé rẹ̀ ló jìn, ó tó mítà 16.5, kí ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ wọnú omi gan-an lè rí ọ̀nà gbà. A sì ti ní orúkọ fún ibi tí omi ti jìn: ibú. Èbúté ibú.

Ẹnìkan á ní bí oníròyìn kò bá fi àmì sí i, a ó kà á sí "ìbú", ti gígùn àti ìbú. Kí oníròyìn lọ kọ́ àmì. Etíkun Ìlàjẹ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó ń fẹ́ kọ́ irú èbúté yìí sí, ẹrẹ̀ ló kún ibẹ̀, omi rẹ̀ kì í tètè jìn. Wọ́n ní láti gbẹ́ ibú fún ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fi "òkun jíjìn" sọ gbólóhùn yẹn.