Búlọ́wà ààrò gáàsì ń han gooro, iná sì ti yí àwọ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Oníbúrẹ́dì, Tánkẹ̀:
Ẹ̀yin ará, àlàáfíà fún yín o. Ààrò gáàsì la fi ń yan búrẹ́dì ní Tánkẹ̀ níbí, búlọ́wà ló sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí bọ́nà rẹ̀. Láti ìgbà ọyẹ́ ló ti ń han gooro tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án. Nígbà mìíràn á kàn máa kùn, kò ní yí, àfi tí ọmọ iṣẹ́ bá fi igi tì í. Iná tó ń jó búlúù tẹ́lẹ̀ ti di pupa rúsúrúsú, èéfín ń sọ ìdí páànù di dúdú. Ẹnì kan ní kí n ra mọ́tò tuntun tí yóò máa yí búlọ́wà náà. Ẹlòmíràn ní kí n yọ swíìṣì kékeré tó ń pa gáàsì bí atẹ́gùn kò bá tó. Ewo ni kí n ṣe?

Rẹ́wáyà Ọ̀fà:
Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá wa. Rẹ́wáyà ni mí, èmi ni mo ń tún wáyà inú mọ́tò wé. Ẹ má tíì ra mọ́tò. Èyí tó bá ń kùn, tó ń yí lẹ́yìn tí wọ́n bá tì í, kàpásítọ̀ rẹ̀, ìyẹn ohun kékeré tó ń ran mọ́tò lọ́wọ́ láti gbéra, la kọ́kọ́ ń fura sí. Èyí tí microfarad rẹ̀ (ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀) jẹ́ kan náà ni kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Fóltì rẹ̀ lè ju ti àtijọ́ lọ, kò gbọdọ̀ dín. Ẹni tó mọṣẹ́ ni kó yọ ọ́ o, iná máa ń wà nínú kàpásítọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á. Kí ọmọ iṣẹ́ yẹn sì ṣíwọ́ igi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.

Ariwo yẹn, bẹ́rìn ni mo fura sí, ìyẹn òrùka irin tí irin àárín mọ́tò ń yí nínú rẹ̀. Ẹ pa iná àti gáàsì, kí ẹ fọwọ́ yí fáànù. Bó bá ń ha, tàbí tí irin àárín rẹ̀ ń mì, bẹ́rìn ti jẹ. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà, torí bẹ́rìn tí nọ́ńbà wọn jẹ́ 6202 àti 6203 jọra lójú, ṣùgbọ́n ihò ti àkọ́kọ́ jẹ́ mìlímítà 15, ìkejì 17. Bẹ́rìn tí wọ́n bò lójú kò gba òróró. Búṣì, ìyẹn òrùka lásán tí àwọn mọ́tò kan ń lò dípò bẹ́rìn, tó bá ní ihò òróró ló ń gbà á, ìwọ̀nba ẹ̀kán díẹ̀ náà ni.

Ìyá Oníbúrẹ́dì, Tánkẹ̀:
Ẹ ṣé gan-an. Ìyẹn náà ló ń mú iná yí àwọ̀ bí?

Bàbá Onígáàsì, Gànmọ́:
Atẹ́gùn ni kò tó, Ìyá. Ìyẹ̀fun àti eruku ọyẹ́ ti dì mọ́ abẹ fáànù, ó ń yí ni, kò rí afẹ́fẹ́ gbé. Ẹ fi búrọ́ṣì gbígbẹ gbọn ọ́n, ẹ má fomi kàn án. Bí ẹ bá rí irin kékeré tí wọ́n há mọ́ abẹ kan, ẹ má yọ ọ́; òun ni kì í jẹ́ kí fáànù gbọ̀n.

Swíìṣì yẹn, ẹ má yọ ọ́ láéláé! Ẹ wo rọ́bà tín-ín-rín tó wọ inú rẹ̀, ìyẹ̀fun lè ti dí i. Gáàsì tí kò jó dáadáa ń mú carbon monoxide jáde. Kò lóòórùn, kò láwọ̀, ó sì ń pa èèyàn. Ẹ má tan ààrò náà títí wọn yóò fi tún un ṣe. Bí wọ́n bá tò ó padà tán, kí wọ́n fi ìfófò ọṣẹ wo gbogbo oríkèé páìpù.

Ọmọ Òmù-Àrán:
Ẹ wọn iná Nẹ́pà náà. Bí fóltì bá lọ sílẹ̀ gan-an, mọ́tò tí wọ́n ṣe fún fóltì 230 kò ní lágbára láti gbéra, á sì máa gbóná. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ pa gáàsì, ẹ jẹ́ kí búlọ́wà ṣì máa fẹ́ fúngbà díẹ̀ kí ooru ààrò má baà yan mọ́tò náà.

Ìyá Oníbúrẹ́dì, Tánkẹ̀:
Ọlọ́run á san yín lóore. Mo ti ní kí wọ́n ti gáàsì pa. Ẹni tó bá mọ rẹ́wáyà tó gbówọ́ nítòsí Tánkẹ̀, kó jọ̀ọ́ kọ̀wé sí mi.