Irun mi àti òjò oṣù kẹsàn-án: ẹ̀yin ńkọ́?

Ọmọ Bódìjà

Ẹ kú òjò o, ẹ̀yin àǹtí mi. Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú irun mi rí lọ́dún tó kọjá, kí ẹni tó bá ń múra ayẹyẹ nínú oṣù kẹsàn-án lè ti ara mi kọ́gbọ́n.

Àbúrò mi obìnrin ń ṣègbéyàwó ní Sátidé kan nínú oṣù náà. Oṣù mẹ́ta ni mo fi tu owó jọ láti ṣe keratin, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná fà mọ́ irun kó lè nà, torí mo ti rí i lórí ọ̀rẹ́ mi kan nínú oṣù kìíní. Ó ń dán, ó rọ̀, ó sì tó oṣù mẹ́rin kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Mo ní kí n lọ ní Ọjọ́rú, kí irun lè ṣì jẹ́ tuntun lọ́jọ́ ìnáwó. Onídìrí fọ̀ ọ́, ó fi dráyà gbẹ ẹ́, ó fi búrọ́ọ̀ṣì pa oògùn náà sí i díẹ̀díẹ̀, ó wá ń fi áyọ́ọ̀nù fà á. Áyọ́ọ̀nù yẹn máa ń gbóná tó 230°C, èéfín rẹ̀ sì ń ta mí lójú. Nígbà tí mo fi máa dìde, irun mi ti balẹ̀ sí èjìká. Ó wá kì mí nílọ̀ pé: "Omi ò gbọdọ̀ kàn án fún ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ má dì í, ẹ má kì í sẹ́yìn etí, ẹ má dé fìlà tó fún."

Ọjọ́ mẹ́ta láìkan omi, ní Ìbàdàn, nínú oṣù kẹsàn-án! Gbogbo wa la mọ bí òjò wa ṣe ń ṣe. Yóò rọ̀ gan-an nínú oṣù kẹfà, yóò sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, yóò sì tún fi agbára padà dé nínú oṣù kẹsàn-án. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Mi ò kàn rò ó mọ́ ọ̀rọ̀ irun rárá ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ mo lọ gba aṣọ ẹbí tó ṣẹ́kù ní Gbági. Bí a ṣe ń padà, a ò tíì dé Ìwó Road tí òjò fi ṣú, tó sì ya lulẹ̀. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ mi nínú máíkírà yẹn kò ṣeé yí sókè. Mo fa ọ̀rá borí, mo so ó pinpin lábẹ́ àgbọ̀n, àfi bíi pé mo ti rí ọgbọ́n dá. Òjò kò kan irun náà púpọ̀, ṣùgbọ́n ooru orí mi di omi lábẹ́ ọ̀rá, nǹkan bíi wákàtí kan àtààbọ̀ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Nígbà tí mo ṣí i, gbogbo iwájú ti ká, ibi tí mo so ọ̀rá mọ́ sì ti lẹ́ ìlà. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mo sunkún. Gèlè ló bò mí láṣìírí lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀yìn irun náà ṣì nà dáadáa títí di oṣù kejìlá, iwájú kò dáhùn mọ́.

Mo ti wá gbọ́ pé àwọn keratin kan wà lóde báyìí tí wọ́n ní a lè fọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ bi onídìrí yín kó tó ṣí ike rẹ̀. Ẹni tó bá ti ní ìrírí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i.

Ìyá Ìbejì, Mọ́lété

Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ọyẹ́ ló ṣe tèmi, kì í ṣe òjò.

Ọjọ́ mẹ́ta sí Kérésì ni. Ọyẹ́ ti mú débi pé ètè ń là. Awọ orí mi gbẹ, ó ń ṣí funfun, mo sì ti fi ìdí ìlarun họ ọ́ títí ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, èrò kún fọ́fọ́, kò sẹ́ni tó ráyè fi Fasilíìnì pa mí létí orí. Bí rílásà, oògùn tó ń na irun, ṣe kan ibi tí mo họ, àfi bí iná. Mo pariwo, wọ́n fọ̀ ọ́ kíá, síbẹ̀ ó dégbò.

Èyí tó dùn mí jù kọ́ nìyẹn. Mo ti ṣe rílásà ní ìparí oṣù kẹwàá, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Irun kì í hù ju sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ lọ lóṣù kan, nítorí náà ìdí irun nìkan ló yẹ kí wọ́n kàn. Wọ́n pa á dé orí gbogbo rẹ̀. Èyí tó ti nà tẹ́lẹ̀ tún jẹ oògùn lẹ́ẹ̀kejì, ọyẹ́ wá gba ìwọ̀nba ọ̀rinrin tó kù lára rẹ̀. Kí oṣù kìíní tó tán, ẹ̀bátí mi méjèèjì ti pá.

Àárín oṣù kọkànlá ni mo ń ṣe tèmi báyìí, kí ọyẹ́ tó le. Mi ò tún ní í fọwọ́ kàn án títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀. Tí orí bá ń yún mi lọ́sẹ̀ yẹn, mo máa sún ọjọ́ síwájú, ìbáà jẹ́ pé mo ti sanwó.

Onídìrí, Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin oníbàárà wa. Ohun kan wà tí ẹ kì í rí láti orí àga.

Tí òjò bá ń rọ̀, a máa ń ti fèrèsé. Tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ eruku wọlé, a tún máa ń tì í. Èéfín keratin tó ń ta yín lójú yẹn, kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ formaldehyde ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, iná áyọ́ọ̀nù ló ń lé e jáde. Láti 2004 ni ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn. Ẹ̀yin ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, èmi lójoojúmọ́. Tí ẹ bá rí "methylene glycol" tàbí "formalin" lára ike, nǹkan kan náà ni. Àkọlé pé kò sí nínú rẹ̀ kò tó láti gbọ́kàn lé. Ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ irú èyí bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n sì bá a nínú rẹ̀.

Nítorí náà mo ti pinnu: tí mi ò bá lè ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, mi ò ṣe é. Oṣù kọkànlá ló dára jù fún mi, òjò ti lọ, eruku ò tíì dé. Oṣù kejì sí ìkẹta, mo máa ń kìlọ̀ pé òógùn ara náà omi ni, ó tún níyọ̀. Tí kò bá síná tí fáánù ò ṣiṣẹ́, ẹ óò làágùn kó tó pé ọjọ́ mẹ́ta. Aboyún àti ìyá ọlọ́mọ ọwọ́, mo máa ń dá wọn padà ni, ìgbàkígbà tó wù kó jẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́, Àgbọ̀wọ́

Èmi kì í fi oògùn sí tèmi, ìlarun gbígbóná ni. Nínú oṣù kìíní ó lo ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Mo tún un ṣe nínú oṣù kẹfà, kí n tó dé géètì Yunifásítì ó ti wú padà, òjò ò tiẹ̀ rọ̀, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ lásán ni. Láti ìgbà náà, irun kíkó ni mo ń ṣe tí òjò bá dé. Òwú ń fa irun náà gùn, kò sì ní kó lọ́.

Ọmọ Bódìjà

Ẹ ṣeun gan-an. Ìyá Ìbejì, ẹ kú ara fẹ́ra kù, Ọlọ́run á dá irun yín padà. Àǹtí Mọ́kọ́lá, mi ò mọ̀ pé èéfín yẹn le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kọkànlá mú, ọjọ́ Ajé, kí n lè jókòó sílé títí di Ọjọ́bọ̀. Àbúrò mi tí mo sọ yẹn ń retí ọmọ nínú oṣù kejìlá, mo sì fẹ́ kí irun ti jókòó kó tó di ọjọ́ ìkómọ.