Ẹni tó tú àṣírí ìjọba síta, ṣé ìdáríjì tọ́ sí i?

Ọmọ Òkè-Àdó
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ kan ló bẹ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù bábà wa ní Mọ́kọ́lá lánàá tí bábà fi gbàgbé oníbàárà kan síbẹ̀ pẹ̀lú ìlàjì orí. Edward Snowden ni wọ́n ń sọ, ọmọkùnrin ará Amẹ́ríkà tó kó ìwé àṣírí NSA, àjọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí fún ìjọba Amẹ́ríkà, fáwọn oníròyìn lọ́dún 2013. Àṣé ìjọba ń kó àkọsílẹ̀ fóònù àwọn ọmọ ìlú wọn jọ, ẹni tó o pè, aago tó o pè é, ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ fi sọ̀rọ̀, àtẹni tó ṣẹ̀ àtẹni tí ò ṣẹ̀. Hong Kong ló wà nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bú jáde, ó wá gba Rọ́ṣíà pé kóun fi ibẹ̀ kọjá, Amẹ́ríkà ti fagi lé pásípọ́ọ̀tù ẹ̀, ló bá há sí ẹ́pọ́ọ̀tù Moscow fún bí ogójì ọjọ́. Àfìgbà tí wọ́n jẹ́ kó máa gbé lọ́dọ̀ wọn, nígbà tó sì di 2022 Putin sọ ọ́ di ọmọ onílùú.

Èmi ní kí wọ́n forí jì í, kó máa bọ̀ nílé. Bùọ̀dá kan ní rárá, pé ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ yàrá lọ sójú títì kì í ṣọmọ ilé mọ́. Ẹlòmíì ní tó bá dá a lójú pé ohun tó dáa lòun ṣe, kí ló dé tí ò dúró jẹ́jọ́? Ibẹ̀ lẹnu mi ti wọ, mi ò rí èsì fọ̀. Ẹ bá mi dá sí i.

Bàbá Àlùbáríkà
Ọmọ mi, ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba. Lọ́jọ́ tí mo wọṣẹ́ ni wọ́n ti gbé ìwé òfin àṣírí ìjọba, ti 1962, síwájú mi, mo kà á, mo sáìnì, mo búra. Fáìlì tí wọ́n bá tẹ "Secret" sí lára, ìyálé mi gan-an ò gbọdọ̀ gbóòórùn ẹ̀. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi o.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé gbogbo àṣírí ni olè. Ìwé ìdánwò kó tó dọjọ́ ìdánwò ńkọ́? Ibi tọ́lọ́pàá fẹ́ lọ ká àwọn ajínigbé mọ́ lóru òní ńkọ́? Bí gbogbo akọ̀wé bá ń yan èyí tó yẹ káráyé gbọ́, ta ló wá ń ṣèjọba? Kó wá jẹ́jọ́ ná. Ẹni tí kóòtù ò tíì dá lẹ́bi, kí lẹ fẹ́ dárí ẹ̀ jì í?

Lọ́yà Ring Road
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Ẹjọ́ tẹ́ ẹ ní kó wá jẹ́ yẹn gan-an ni wàhálà. Òfin tí wọ́n gbé tì í, Espionage Act, 1917 ni wọ́n ti ṣe é, nígbà ogun àgbáyé kìíní, nítorí àwọn amí. Nínú ẹjọ́ yẹn kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ pé kí ló sún ọ débẹ̀. Ṣé o mú ìwé yìí? Mo mú un. Ṣé o fún ẹni tí kò yẹ kó rí i? Mo fún un. Ó tán. Pé ìwà tí ò bófin mu lohun tó o tú síta, ìyẹn ò gbà ọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi. Bẹ́ẹ̀, kóòtù àpíìlì wọn kan sọ ní 2015, òmíì tún sọ ní 2020, pé kíkó àkọsílẹ̀ fóònù yẹn jọ lódindi kò bá òfin mu. Torí náà ẹni tó pariwo olè ló sá kúrò nílé, mi ò sì gbọ́ pé wọ́n gbé ẹnì kankan lọ sẹ́wọ̀n nínú àwọn tó ń kó o jọ.

Lórí ìbéèrè yín, ìdáríjì ò dúró de ìdájọ́ sà. Ààrẹ Ford ti Amẹ́ríkà forí ji Nixon tó ṣe ààrẹ ṣáájú ẹ̀ ní 1974, wọn ò tíì gbé Nixon dé kóòtù rárá. Tiwa náà ńkọ́, abala 175 nínú òfin 1999 ní ààrẹ lè forí ji ẹni tọ́rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ kàn àtẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi.

Ẹ sì má pa àwọn ọ̀rọ̀ yìí pọ̀. Obama ò forí ji Chelsea Manning, sọ́jà Amẹ́ríkà tó tú ìwé àṣírí ogun síta, o, ẹ̀wọ̀n ló bá a gé kúrú. Ọdún 35 ni wọ́n dá fún un ní 2013, January 2017 ni Obama gé e, ó jáde ní May ọdún yẹn, ẹ̀bi ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Daniel Ellsberg tó tú ìwé ogun Vietnam síta ní 1971, ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń nà sí i lè tó ọdún 115, àṣé àwọn èèyàn Nixon ti lọ fọ́ ọ́fíìsì dókítà ẹ̀ láti wá ohun tí wọ́n máa fi bà á jẹ́, adájọ́ tú ẹjọ́ ká ní 1973. Òun ò gba ìdáríjì kankan títí tó fi kú.

Arẹ́mú Sọ́jà Tẹ́lẹ̀
Fídíò tí Manning mú jáde, tí hẹlikópítà Amẹ́ríkà yìnbọn pa àwọn èèyàn ní Baghdad ní 2007, tí òṣìṣẹ́ Reuters méjì kú síbẹ̀, èmi ò bá a wí lórí ìyẹn, ó yẹ káyé rí i. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé ogun Afghanistan tó kó fún WikiLeaks, ìkànnì tó ń tú àṣírí síta, orúkọ àwọn ará abúlé tó ń ta sọ́jà lólobó wà nínú ẹ̀ gbanrangandan. Ẹ rò ó wò pé Borno ni. Ẹnì kan rọra wá sọ fún yín lóru pé ibi báyìí làwọn Boko Haram sùn sí, ilẹ̀ mọ́, orúkọ ẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ta ló máa forí ji ìyẹn? Ṣé ààrẹ ni àbí àwọn ọmọ ẹ̀?

Àti ọmọ sọ́jà Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Teixeira, tó ń gbé ìwé àṣírí sórí Discord, ìkànnì ìtàkùrọ̀sọ kan, káwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lè mọ̀ pé òun tóbi, ọdún 15 ni wọ́n fún un ní 2024. Fáàrí nìyẹn ń ṣe. Ẹ má kó o mọ́ àwọn tó kù.

Ìyá Ìbejì Bódìjà
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi o Bàbá, mo ń fọṣọ ìbejì ni mo dúró ka ọ̀rọ̀ yín. Ìdáríjì tẹ́ ẹ ń sọ yìí, ta làwọn tó máa ń rí i gbà nílẹ̀ yìí? Alamieyeseigha, gómìnà Bayelsa tẹ́lẹ̀, 2013. Dariye àti Nyame, 2022, gómìnà méjì tí kóòtù ti rán lọ sẹ́wọ̀n nítorí owó ìlú, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ẹni tó jí i rí ìdáríjì, ẹ wá jókòó síbí ẹ ń jiyàn lórí ẹni tó sọ pé wọ́n jí i.

Àbúrò ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ kan, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, ó rí orúkọ àwọn tó ti kú nínú ìwé owó oṣù, ó kọ̀wé sókè jẹ́jẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, kò gbé e fún oníròyìn o, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ́n ti gbé e lọ síbi tí ò ti sí iná tí ò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ìyàwó ẹ̀ lóyún nígbà yẹn, ọ̀gá ẹ̀ wá ń sọ káàkiri pé olófòófó ni. Ìjọba tó ní káwọn èèyàn wá máa fọn fèrè, pé àwọn máa fún wọn ní ìdá 2.5 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n bá rí gbà, ẹ rántí mílíọ̀nù 43 dọ́là inú fúláàtì Ìkòyí ní 2017, àríyànjiyàn ni ẹni tó tọ́ka ẹ̀ fi gba owó tiẹ̀.

Ìbúra tẹ́ ẹ ń sọ yẹn Bàbá, ìlú lẹ búra fún ni àbí ọ̀gá yín?

Ọmọ Òkè-Àdó
Yéè. Ìyá Ìbejì ẹ rọra o 😂

Bàbá Àlùbáríkà
Kò sóhun tó burú, ìbéèrè ni wọ́n bi mí.

Fáìlì kan gba ọwọ́ mi kọjá rí. Bọ́ọ̀ho mẹ́rin, wọ́n ti sanwó ẹ̀ tán, wọ́n ti sáìnì pé omi ń yọ. Mo mọ abúlé yẹn, ìyá ìyá mi ti ibẹ̀ wá. Kò sí bọ́ọ̀ho kankan ńbẹ̀, odò ni wọ́n ń lọ. Mo dé e padà, mo gbé e fún ẹni tó kàn. Mo ti búra.

Lọ́yà Ring Road
Bàbá, ká ní ẹ sọ ọ́ síta, òfin wà lẹ́yìn yín. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011, abala 27, òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá tú ohun tó gbà pé ó fi jìbìtì tàbí ìfowóṣòfò hàn, kódà tí ọ̀gá ò fún un láṣẹ, òfin àṣírí ìjọba yẹn ò gbọdọ̀ mú un. Ẹ ò bá má tiẹ̀ nílò ìdáríjì ẹnikẹ́ni.

Bàbá Àlùbáríkà
2011 kẹ̀? Mo ti fẹ̀yìntì láti 2009, ọmọ mi.