Bàbá wa ò jẹun mọ́: ṣé ká gbé e kúrò ní Kétu?

Àbíkẹ́, Kútọnu: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, Kétu ni wọ́n ń gbé. Látìgbà tí ìyá wa ti papòdà, ọmọ kan ló ń wá dáná fún wọn. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, kí wọ́n dín iyọ̀ kù. La bá yọ iyọ̀, a yọ ẹran, a yọ epo. Ní báyìí, òkèlè méjì, wọ́n ti yó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo ń fọṣọ wọn, iyọ̀ ni mo bá nínú àpò dàńṣíkí, wọ́n dì í sínú ọ̀rá! Wọn kì í lọ sídìí ayò mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká gbé wọn wá sí Kútọnu, ká lè máa ṣọ́ oúnjẹ wọn. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Ìbejì, Kétu: Ẹ má dán an wò! Ta ni wọ́n mọ̀ ní Kútọnu? Ẹ ó jáde láàárọ̀, àwọn àti tẹlifíṣọ̀n á jọ máa wo ara wọn.

Nọ́ọ̀sì, Àjàṣẹ́: Àǹtí, dókítà ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù, kò ní kí wọ́n má fẹnu kàn án. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, bíi ṣíbí tíì kan. Kúbù tẹ́ ẹ̀ ń rún sọ́bẹ̀ wà nínú ẹ̀ o! Òun gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá dúró. Irú, àlùbọ́sà àti ẹfinrin á gbé ọbẹ̀ dìde. Ẹ dá ẹja, ẹyin, ẹ̀wà padà, nítorí iṣan àgbàlagbà tètè ń joro. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ eyín wọn wò, kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ ṣúgà wò. Kí wọ́n má fi oògùn sílẹ̀.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Ẹ̀gbọ́n yín lèmi gbè lẹ́yìn. Tí wọ́n bá ṣubú lóru ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Kétu: Wọn kì í ṣubú ní Kútọnu ni? Kí ọmọ yẹn máa sùn tì wọ́n.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Kétu: Àwọn arúgbó Okinawa, ní Japan, lókìkí fún ẹ̀mí gígùn. Ọ̀dùnkún táwọn baba wọn ń jẹ ni gbogbo èèyàn ń sọ. Wọn kì í sọ ti moai: àwọn ọ̀rẹ́ tó jọ ń dáwó bí èsúsú tiwa, tí wọ́n ń bẹ ara wọn wò títí dọjọ́ alẹ́. Ní 2010, àwọn olùwádìí Amẹ́ríkà kan kó ìwádìí 148 pọ̀, lórí èèyàn tó lé ní 300,000. Wọ́n rí i pé ẹni tó lẹ́bí, tó lọ́rẹ̀ẹ́ dáadáa máa ń pẹ́ láyé ju ẹni tó dá wà lọ. Ọmọ mi, bí wọn ò bá lọ sídìí ayò, ẹ gbé ayò wá sọ́ọ̀dẹ̀. Kí ọmọ yẹn se oúnjẹ ẹni mẹ́ta. Ọtí sódábì nìkan ni kẹ́ ẹ má gbé sílẹ̀.

Àbíkẹ́, Kútọnu: Ẹ ṣeun, bàbá. Mo ti pe ọ̀rẹ́ wọn kan nítòsí Àkábà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu. Ó lóun ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, àmọ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ọbẹ̀ tó wà ńlẹ̀! Nọ́ọ̀sì, ẹja gbígbẹ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì, Àjàṣẹ́: Tó bá jẹ́ oníyọ̀, ẹ rẹ ẹ́ sómi, kẹ́ ẹ da omi ẹ̀ nù.