Wọ́n dá àgbá mi padà níbi ìkójọ ohun olóró: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bàbá Mùsílíù, Kétu

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ẹ̀yin ará inú ẹgbẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ mi yóò gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi, nítorí láti Sátidé ni inú ti ń bí mi tí n kò rí ẹni bá sọ ọ́. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ló kéde pé kí oníkálukú kó ohun olóró tó bá wà nílé rẹ̀ jáde: bátìrì tó ti kú, oògùn oko tó ti pẹ́, ọ́ìlì ọkọ̀, ọ̀dà, iná gígùn tó ti jó. Wọ́n ní àwọn yóò kó wọn jọ sójú kan, ọkọ̀ yóò sì wá gbé wọn lọ sí Kútọnu. Èmi gbọ́ràn. Mo jí ní aago márùn-ún, mo san ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fráǹkì fún ọlọ́kọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo tún san ẹgbẹ̀rún kan fún àwọn ọmọkùnrin méjì tó bá mi gbé àgbá sókè, àwọn náà tún ní òǹgbẹ ń gbẹ àwọn, mo ra nǹkan mímu fún wọn.

Nígbà tí a débẹ̀, ọmọkùnrin kan tí kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ, tó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà títí dé ìgúnpá, ṣí ìdérí àgbá mi, ó sì ta sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ ejò mọ́lẹ̀. Kíá ló dé e padà. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e padà sílé.” Lójú àna mi! Mo dúró nínú oòrùn títí ìrun Ọ̀sán fi kọjá, mo rò pé àgbà kan yóò dá sí i, kò sẹ́ni tó dá sí i. Ìṣojú mi níbẹ̀ ni wọ́n ti gba òkú bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta nínú ọ̀rá lọ́wọ́ obìnrin kan, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó fi màlúù tọrẹ. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta! Èmi tí mo gbé odidi àgbá wá, èmi ni wọ́n lé. Mo mọ ohun tó fà á: n kò dáwó nígbà tí wọ́n ń tún ojú ọ̀nà ṣe.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé ohun tí wọ́n ṣe yìí tọ́? Níbo ni kí n wá gbé àgbá yìí lọ? Ẹ̀yìn ilé ló wà, lábẹ́ fèrèsé ìyá mi, màmá sì ń ráhùn pé òórùn rẹ̀ kì í jẹ́ kí òun sùn. Ẹnìkan ní kí n gbẹ́lẹ̀ sin ín. Ẹlòmíràn ní kí n dúró de òjò ńlá, kí n dà á sí gọ́tà, kí omi gbé e lọ.

Àdìsá Mẹkáníìkì, Àjàṣẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ẹ sọ iye owó ọkọ̀ fún wa, ẹ sọ ti àna yín, ẹ kò sọ ohun tó wà nínú àgbá. Bí ó bá jẹ́ ọ́ìlì dúdú nìkan ni, ohun títà ni, kò yẹ kó kó wàhálà bá yín. Ní ìsọ̀ wa nítòsí ọjà Ouando, inú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí la ń dà á sí, àwọn tó ń da kọnkéré a sì wá rà á láti fi pa pákó kí sìmẹ́ǹtì má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn mìíràn fi ń kun igi nítorí ikán. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ dàlú. Ọmọ iṣẹ́ mi kan fọ búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà sínú ọ̀kan nínú wọn, ẹni tó fẹ́ rà á gbóòórùn rẹ̀, ó sì fi kẹ́ẹ̀gì márààrún sílẹ̀ bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ náà rí ìjà mi lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́

Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má sin ín, ẹ má sì dà á sí gọ́tà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, inú ọ̀sà ni omi gọ́tà ń lọ, inú ọ̀sà yẹn náà la ti ń rí ẹja jẹ. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, iṣẹ́ bátìrì ló ṣe, ìdí ògiri ẹ̀yìn ilé ló sì máa ń da ásíìdì sí ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, sìmẹ́ǹtì ìdí ògiri náà bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí èèpo iṣu tó jinná jù, adìyẹ mi ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi sì ń bá orogún mi jà pé ó ń fi nǹkan sínú oúnjẹ wọn. Ọdún méjì gbáko ni a kò fi kí ara wa. Ásíìdì ni o! Ẹ̀yin ará Kétu tí ẹ máa ń gbe omi òjò pamọ́ mu, ibo ni ẹ fẹ́ kí ohun tí ẹ bá sin gbà lọ?

Olùkọ́ Àgbà, Ṣábẹ̀ẹ́

Ìyá Ìbejì ti fẹnu ba ohun tí mo fẹ́ sọ. Kẹ́mísírì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n béèrè kí n tó dáhùn. Kí ni ó wà nínú àgbá náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan? Inú kí ni ó wà tẹ́lẹ̀? Ṣé irin ni àgbá ọ̀hún tàbí rọ́bà? Ṣé ó ń gbóná bí ẹ bá fọwọ́ kàn án níta?

Ẹ má rò pé mo ń tọpinpin. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dákà, láàárín ìparí ọdún 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008, ọmọdé 18 ló kú ní àdúgbò tí àwọn ènìyàn ti ń fọ́ òkú bátìrì ọkọ̀ láti yọ òjé inú rẹ̀ tà. Kò sí èyí tó gbé májèlé mu nínú wọn. Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń ṣeré lórí rẹ̀ àti eruku inú ilé ló gbé òjé wọ inú wọn. Òjé kì í jẹrà, iná kì í jó o tán, ibi tí ẹ bá sin ín sí náà ni ọmọ ọmọ yín yóò ti bá a.

Bàbá Mùsílíù, Kétu

Ẹ ń bi mí léèrè bí ẹni pé mo jalè. Ohun àlòkù ilé ni: oògùn òwú díẹ̀ tó ṣẹ́kù, omi bátìrì, ọ́ìlì díẹ̀, àti omi Javel, èyí tí a fi ń fọ aṣọ funfun, tó ti pẹ́. Mo dà wọ́n pọ̀ nítorí pé orí ẹrù kọ̀ọ̀kan ni ọlọ́kọ̀ ti ń gbowó, mo sì rò pé ibì kan náà ni gbogbo wọn ń lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé kí n má dà wọ́n pọ̀. Àgbá rọ́bà ni. Ẹ kò sì tíì dá mi lóhùn bóyá ó tọ́ kí ọmọdé dójú ti àgbàlagbà.

Olùkọ́ Àgbà, Ṣábẹ̀ẹ́

Bàbá Mùsílíù, ẹ gbé màmá kúrò nínú yàrá yẹn kí ẹ tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi.

Omi Javel àti ásíìdì, ìyẹn omi bátìrì yín yẹn, kì í pàdé. Bí wọ́n bá pàdé, gáàsì kílórìnì ni wọ́n ń tú jáde, òun gan-an ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn ní Ypres, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, lọ́dún 1915 nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló máa ń rà mọ́, ẹni tó bá sì sùn sórí ẹní ló kọ́kọ́ ń bá. Ẹ má tún ṣí àgbá náà. Ẹ má bu omi sí i, ẹ má fi igi rò ó, ẹ má dé e pa gírígírí, nítorí gáàsì tí kò rọ́nà jáde lè fọ́ ọ. Ẹ má tún pe ọlọ́kọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta láti gbé e lọ síbikíbi. Ẹ lé àwọn ọmọdé àti ẹran jìnnà, kí ẹ sì pe àwọn panápaná lórí 118, kí ẹ dárúkọ ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún wọn bí ẹ ti dárúkọ wọn fún wa yìí.

Ọmọ Òkèèrè, Amẹ́ríkà

Mo kí yín o. Níbi tí mo ń gbé, ìlú máa ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún irú ìkójọ yìí, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì máa ń kọ sínú ìwé ìkéde ni pé kí ohun kọ̀ọ̀kan wà nínú ike tó bá wá, kí orúkọ tó wà lára rẹ̀ má ṣí kúrò, kí bátìrì dúró lóròó pẹ̀lú omi inú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má da nǹkan kan pọ̀ mọ́ òmíràn. Ti ilé sì yàtọ̀ sí ti ìsọ̀. Oníṣòwò tí ohun olóró tirẹ̀ kò ju 100 kílò lọ lóṣù ní òfin tirẹ̀ tó fúyẹ́ díẹ̀, àwọn ibì kan a gba tirẹ̀ lówó, àwọn ibì kan kò ní gbà á rárá. Àti pé, Ẹ̀gbọ́n Àdìsá, ọ́ìlì dúdú tí ẹ ń tà fún kíkun igi yẹn, inú ilẹ̀ náà ló ń wọ̀ nígbẹ̀yìn.

Àdìsá Mẹkáníìkì, Àjàṣẹ́

Àbúrò, Amẹ́ríkà kọ́ ni Ouando. Bí n kò bá tà á, ta ni yóò wá gbé e lọ́wọ́ mi? Ìwọ wá gbé e.

Ọmọ Òkèèrè, Amẹ́ríkà

Ẹ má bínú sí mi, Ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó fi ń pa pákó kọnkéré sàn ju ẹni tó ń dà á sílẹ̀ lọ. Ti kíkun igi nìkan ni mo ń sọ.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́

Ẹ fi ọ́ìlì sílẹ̀ ná. Bàbá, ṣé màmá ti jáde?

Ọlọ́wọ́ Rọ́bà, Kétu

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin àgbà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá. Èmi ni ọmọkùnrin tó ṣí àgbá náà, ẹnìkan ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn mí. Bàbá, n kò fi ti owó ojú ọ̀nà ṣe é, n kò tilẹ̀ mọ ẹni tó dá a àti ẹni tí kò dá a. Nígbà tí mo ṣí i, èéfín kan tó pọ́n rúsúrúsú bọ́ sí mi lójú, omi ń dà lójú mi di alẹ́, mo sì ń húkọ́ di ọjọ́ Mọ́ńdè. Ó yẹ kí n fa yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n ṣàlàyé, dípò kí n sọ ọ́ lójú àwọn ènìyàn, ẹ foríjì mí. Àwọn tó ni ọkọ̀ ti sọ fún wa pé bí àwọn bá bá ohun àdàlù kan ṣoṣo, gbogbo ẹrù àdúgbò ni àwọn yóò fi sílẹ̀.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ bi yín, Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: oògùn tó wà nínú àgbá yẹn ju ti ilé lọ. Ẹ̀yin ni ẹ ń ta oògùn òwú fún bàbá mi. Níbo ni àwọn kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ wà?

Bàbá Mùsílíù, Kétu

Màmá ti jáde, ó wà ní ilé àbúrò mi.

Ọmọ mi, mo ti gbọ́. Lóòótọ́, ìsọ̀ ni mo ń ṣe. Oògùn oko ni mò ń tà, mo sì ń fi iná kún bátìrì fún àwọn ènìyàn. N kò pè é ní ti ìsọ̀ nítorí mo mọ̀ pé wọ́n ní ti ilé nìkan ni wọ́n ń gbà. Ní ti kẹ́ẹ̀gì, mo fi Omo fọ̀ wọ́n dáadáa, ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n mọ́ tónítóní, kò sí òórùn kankan. Mẹ́ta ni. Mo ti tà wọ́n, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fráǹkì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́

Ẹ tà wọ́n fún ta ni?

Olùkọ́ Àgbà, Ṣábẹ̀ẹ́

Kí ni orúkọ tó wà lára wọn?

Bàbá Mùsílíù, Kétu

Méjì ti bó. Lára ẹ̀kẹta, mo rántí “endosulfan”. Ọjà tó ti wà nílẹ̀ láti ayé ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìyá alápò kan ra ọ̀kan láti fi gbé epo pupa. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọmọ tó ń pọnmi fún àwọn bíríkìlà. Ẹni tó ra ẹ̀kẹta, ọjọ́ ọjà ló kọjá, n kò mọ̀ ọ́n.

Olùkọ́ Àgbà, Ṣábẹ̀ẹ́

Bàbá, àgbá yẹn lè dúró de panápaná. Àwọn kẹ́ẹ̀gì wọ̀nyí kò lè dúró. Ní ọdún 2011 ni wọ́n fi endosulfan, oògùn apakòkòrò yẹn, sínú àwọn ohun tí Àdéhùn Stockholm láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ní kí gbogbo ayé jáwọ́ nínú wọn, kì í ṣe ohun tí ọṣẹ ń fọ̀ jáde. Ara ike náà ló ti fà á mu, epo tí ẹ bá sì dà sí i yóò máa fà á jáde padà, nítorí oògùn yìí fẹ́ràn ọ̀rá ju omi lọ. Tí ẹ bá tilẹ̀ fọ ike oògùn oko bí ó ti yẹ kí a fọ̀ ọ́, tí ẹ bu omi dé ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, tí ẹ dé e, tí ẹ mì í fún ìṣẹ́jú àáyá 30, tí ẹ da omi náà sínú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fọ́n oògùn kí ó bá oògùn lọ sóko, tí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ohun tó kàn ni kí ẹ gún ìdí rẹ̀ ní ihò kí ẹnikẹ́ni má baà rí i lò mọ́. Ẹ má sun ún pẹ̀lú, èéfín rẹ̀ burú.

Ẹ jáde báyìí. Ẹ ra epo tó wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá náà, ẹ má jẹ́ kó pàdánù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò tà á.

Àdìsá Mẹkáníìkì, Àjàṣẹ́

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Bí owó epo bá ju agbára yín lọ, ẹ sọ fún wa níbí.

Bàbá Mùsílíù, Kétu

Ẹ kú alẹ́ o. Àwọn panápaná dé lẹ́yìn ìrun Àsárì, wọ́n bo imú, wọ́n ní kí àwọn ará ilé mẹ́ta tó yí wa ká jáde. Wọn kò bú mi. Wọ́n kọ ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sára àgbá náà pẹ̀lú ọ̀dà, wọ́n fi okùn yí ẹ̀yìn ilé ká, wọ́n sì ní àwọn yóò padà wá pẹ̀lú ẹni tó mọ bí a ti ń gbé irú rẹ̀. Ìyá alápò kò kọ́kọ́ fẹ́ gbà, ó ní epo òun kò ní àbùkù. Mo san owó rẹ̀. Ọmọ apọnmi gbé tirẹ̀ wá fúnra rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì méjèèjì sì wà lọ́dọ̀ Ọlọ́wọ́ Rọ́bà, ó ti gún ìdí wọn, ó sì ti kọ orúkọ oògùn sára wọn.

Ẹ̀kẹta ni n kò rí. Àwọ̀ búlúù ni, ìdérí rẹ̀ pupa, etí ọwọ́ rẹ̀ kan ti ya, mo fi wáyà dì í. Ẹnìkan ní òun rí i lẹ́yìn mọ́tò kan tó ń lọ sí ọ̀nà Ìlárá. Ẹ̀yin tí ẹ ní ènìyàn lọ́nà ibẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi pè wọ́n lálẹ́ yìí.