Tábìlì ìpín dísìkì bàjẹ́ lórí Linux: ṣé kí n kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà dísìkì náà?

Ẹ̀yin àgbà nínú ìmọ̀ Linux, mo kí yín láti Òṣogbo. Iná mọ̀nàmọ́ná lọ lójijì nígbà tí kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan sórí dísìkì, láti ìgbà náà kò sì wọlé sínú Ubuntu mọ́. Grub rescue nìkan, ibi tí kọ̀ǹpútà máa ń dúró sí tí kò bá rí Ubuntu gbé dìde, ni ó ń gbé wá. Àwọn àwòrán àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí ìyá mi fi ọwọ́ yà ni ó wà níbẹ̀, púpọ̀ nínú aṣọ tí a fi wọ́n ṣe sì ti kúrò lọ́wọ́ wa.

Mo fi fúláàṣì tí Ubuntu wà lórí rẹ̀ tan kọ̀ǹpútà náà, mo sì fi gdisk, ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì ìpín, yẹ dísìkì wò láì kọ ohunkóhun sí i. Ó ní tábìlì GPT (àkọsílẹ̀ ibi tí ìpín kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí) tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ dísìkì ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tó wà ní ìparí rẹ̀ ṣì pé. Èyí fún mi ní ìrètí, nítorí MBR, irú tábìlì ìpín àtijọ́, tí gbogbo rẹ̀ wà nínú sẹ́kítọ̀ (ègé kékeré dísìkì) kan ṣoṣo tó jẹ́ báìtì 512, kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé smartctl, ètò tó ń yẹ ìlera dísìkì wò, fi hàn, ní ìlà Current_Pending_Sector, pé àwọn sẹ́kítọ̀ kan wà tí dísìkì kò lè kà dáadáa. Ṣé kí n kọ́kọ́ fi ddrescue, ètò tó ń ṣe ẹ̀dà dísìkì tó ń bàjẹ́, da gbogbo rẹ̀ kọ sórí dísìkì mìíràn, kí n sì tún tábìlì ṣe lórí ẹ̀dà yẹn, àbí kí n lo àṣẹ b àti c nínú gdisk, tó ń fi ẹ̀dà ìparí tún ti ìbẹ̀rẹ̀ ṣe, lórí dísìkì náà gan-an? Bí ìyẹn bá kọ̀, ṣé TestDisk, ètò tó ń wá ìpín tó sọnù, lè rí ìpín ext4 (ọ̀nà tí Linux ń gbà to fáìlì) náà láì ba fáìlì jẹ́? N kò tíì tẹ w, àṣẹ gdisk tó ń kọ àyípadà sórí dísìkì, n kò sì ní tẹ̀ ẹ́ títí ẹ ó fi dá mi lóhùn.